Oko Etílé, Oko Ẹgàn: Ogun, Olè àti Omíyalé Nínú Ọrọ̀ Ajé Ilẹ̀ Yorùbá

Láyé àtijọ́, oko méjì ni baálé ilé sábà máa ń dá. Oko etílé wà lẹ́yìn odi ìlú gẹ́lẹ́, níbi tí èèyàn lè lọ láàárọ̀ kí ó sì ti wálé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀fọ́, ilá, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo díẹ̀ ló ń wà níbẹ̀. Oko ẹgàn jìnnà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti lọ́ràá, ibẹ̀ ni iṣu ti ń ta bó ṣe yẹ kó ta, ibẹ̀ náà ni àgbẹ̀ ń kọ́ ahéré sí, tí yóò máa sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta kó tó padà sílé. Ọrọ̀ tí ìlú fi ń ṣe fàájì, oko ẹgàn ló ti ń wá. Bí ìlú bá sì dàrú, oko ẹgàn ló ń kọ́kọ́ di igbó.

Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí ogun, ìdigunjalè, àrùn igi tàbí omíyalé ti ná ilẹ̀ kan, iye òkú àti iye ilé tó jóná nìkan kọ́ ni mo máa ń wò. Mo máa ń wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe lè jìnnà sílé tó láti lọ gbin nǹkan, àti bí nǹkan tí wọ́n gbìn ṣe lè pẹ́ tó nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó kórè. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kì í ju oṣù kan lọ púpọ̀, àgbàdo ń lo oṣù mẹ́ta, iṣu ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún, kòkó ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ọmọ tí a rán lọ sílé ìwé ń pẹ́ ju gbogbo wọn lọ kó tó méso wá. Ẹ̀rù a máa sọ àgbẹ̀ kòkó di àgbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ohun tí ogun kó lọ kì í tó ohun tí kò jẹ́ ká gbìn, ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láti bí igba ọdún sẹ́yìn sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Nígbà tí Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin láti Ìlọrin ní nǹkan bí 1817, Ọ̀yọ́ ṣì jẹ́ ìjọba tí gbogbo agbègbè ń bẹ̀rù ẹlẹ́ṣin rẹ̀. Kí 1840 tó dé, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro, wọ́n ti tú Òwu, ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá sì ti pa rẹ́. Àwọn tó sá àsálà kó ara wọn jọ síbòmíràn. Ìbàdàn di àgọ́ ológun ní 1829. Ẹ̀gbá tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Kúrunmí jẹ gàba ní Ìjàyè. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà. Àwọn ìlú ńlá tí a fi ń yangàn lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé àwọn tí ẹ̀rù ń bà ló kọ́ wọn. Èèyàn kún ẹ̀yìn odi bámúbámú, ilẹ̀ rere sì wà níta tí kò sẹ́ni tó lè ro ó.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé kan péré. Ní 1821, ogun wọ Òṣoògùn, wọ́n kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, wọ́n kó ìyá rẹ̀ Àfàlà, wọ́n sì kó àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ, wọ́n tún lọ tà á. Bẹ́ẹ̀ ló ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822 wọ́n rù ú sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó di ará Freetown. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther nìyẹn, gbogbo wa la mọ ibi tí ìtàn tirẹ̀ já sí. Ìtàn ìyá rẹ̀ ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Nígbà tí ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí: lẹ́yìn tó ti bọ́ nínú ìgbèkùn àkọ́kọ́, àwọn ajínigbé tún mú un lójú ọ̀nà ọjà, wọ́n gbé e sọ́jà fún títà, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì sáré wá owó láti rà á padà. Ọjà ni obìnrin yìí ń lọ o. Owó tí ìdílé náà ì bá fi ra ewúrẹ́ tàbí irúgbìn, ìyá tó bí wọn ni wọ́n fi rà. Ìnáwó irú èyí kì í sí nínú ìwé ìṣirò ìjọba kankan, bí èyí tí à ń san fún ajínigbé lónìí kò ṣe sí níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò sí alájàpá tó jẹ́ dá rìn. Wọn á dúró de ara wọn títí èrò á fi pé, àwọn ológun á ṣáájú, àwọn mìíràn á kẹ́yìn, àwọn aláàárù á wà láàárín. Kí èrò tó pé, epo ń jò nínú ìkòkò, iṣu ń rà. Oníbodè kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀. Owó ẹyọ fúnra rẹ̀ ẹrù ni: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, aláàárù kan ló ń gbà. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tó wà láàárín kò fẹ́ kí ará òkè dé etí òkun fúnra rẹ̀. Ọjà ẹnubodè ni wọ́n ti ń pàdé rẹ̀. Àwọn òpìtàn kan máa ń bú wọn nítorí èyí. Èmi kò bú wọn. Ìlú tó bá jẹ́ kí etù àti ìbọn kọjá níwájú rẹ̀ lọ bá ọ̀tá lè kú lọ́wọ́ ìbọn ọ̀hún lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ kò yí padà: àgbẹ̀ tó wà nílẹ̀ òkè ń gba owó kékeré lórí epo tó ń di ọ̀wọ́n gógó ní Èkó, àárín méjèèjì ni owó yòókù ń jóná sí.

Àwọn tí kò rí ẹni rà wọ́n padà, Bahia àti Kúbà ló gbà wọ́n. Nínú àwọn ẹrú tó dìde ogun ní Salvador ní oṣù kìn-ín-ní 1835, Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ̀sìn àti orin tí wọ́n gbé lọ ni à ń fi wọ́n rántí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, aláró àti ahunṣọ ni wọ́n kí wọ́n tó di ẹrú. Apá tó yẹ kó ro ẹgàn nílé, oko ìrèké òkè òkun ló ro.

Ogun Ìjàyè fi hàn bí ebi ṣe ń ti ọwọ́ ológun wá. Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí kò gbà kí Àrẹ̀mọ Adélù jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀ nítorí pé àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá Aláàfin kú, Ìbàdàn sì dojú ogun kọ Ìjàyè ní 1860. Oko àti ọjà ni Ìjàyè fi lókìkí. Àwọn tó dó tì í kò ní láti fọ odi. Wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìlú tó ń bọ́ ọjà di ìlú tí àwọn òbí ti ń fi ọmọ sọfà nítorí oúnjẹ, tí àwọn òyìnbó oníwàásù tó wà níbẹ̀ sì ń gba àwọn ọmọ tí ebi fẹ́ pa sọ́dọ̀. Ìjàyè fọ́ ní 1862.

Ogun kì í sì í jà láìsí ẹni tó ń yá a lówó. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní oko ńláńlá tí àwọn ẹrú rẹ̀ ń ro, ó sì ń ta ìbọn àti etù fún àwọn olóyè ogun láwìn. Gbèsè náà kì í san bọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, kò fún wọn láwìn mọ́. Èyí wà lára ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ní 1874 wọ́n sì pa á. A ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ nínú eré àti fíìmù gẹ́gẹ́ bí òǹrorò obìnrin; mi ò ní ká má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìyà tó fi jẹ ẹrú kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ bí oníṣòwò pẹ̀lú. Ní ìlú tí ajigbèsè ti lè pa ẹni tó jẹ lówó, ta ni yóò tún fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́dún mẹ́ta, mẹ́rin?

Ní 1877 Ẹ̀gbá dí ọ̀nà tí etù ń gbà lọ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn kọlù wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Ẹkìtìparapọ̀ dìde, Ògèdèǹgbé Iléṣà di olórí ogun wọn. Ogun Kírìjì nìyẹn, wọ́n fi ìró ìbọn sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọmọ Ẹkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, Ìbàdàn náà wá tirẹ̀ kiri. Bí ogun ṣe ń pẹ́ sí i, àgọ́ méjèèjì di ìlú: wọ́n mọ ilé, wọ́n dá ọjà, wọ́n dáko, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ dàgbà débi pé ó lè gbé ìbọn. Látòósà fúnra rẹ̀ kú sí àgọ́ ní 1885. Samuel Johnson, àlùfáà tó wá kọ ìtàn Yorùbá nígbẹ̀yìn, wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù kẹsàn-án 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àgọ́ tó tú. Ìran kan gbáko ló jẹ́ pé iṣẹ́ ogun ni wọ́n kọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí mi tó lágbára jù. Carter, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó tó wá tú àgọ́ ká, kò wá nítorí ìfẹ́ wa. Lọ́dún tó ṣáájú, ìbọn Maxim ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, òmìnira wa sì bá etù náà lọ. Èmi kò lè pe ìyẹn ní ẹ̀bùn. Síbẹ̀, nígbà tó di pé èèyàn lè dá ru ẹrù láti Ìbàdàn dé Èkó láìní ìbọn léjìká, àwọn ọmọ ogun tó tú ká kò jókòó. Kòkó ti wà ní Agége lọ́dọ̀ àwọn bíi J. K. Coker, àwọn lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń mú irúgbìn rẹ̀ lọ sílé. Àwọn Ìbàdàn tó ti jagun wọnú ẹgàn, wọ́n ṣán igbó, wọ́n gbin kòkó sí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Ifẹ̀, Iléṣà, Oǹdó. Àwọn ará ọ̀dàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹdẹ, Ìkirun, wá bẹ onílẹ̀ fún ilẹ̀. Kò sí ìjọba kankan tó pète rẹ̀ sórí ìwé. Nígbà tí ọ̀rúndún 20 bẹ̀rẹ̀, kòkó tó ń jáde ní Nàìjíríà kò tó tọ́ọ̀nù 500 lọ́dún. Nígbà tí ogun Hitler fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti wà ní nǹkan bí 100,000. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 ràn án lọ́wọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rélùwéè kò lè ru kòkó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ẹni tí ń sùn pẹ̀lú ìbọn lábẹ́ orí kì í sì í gbin igi tí yóò so lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ní 2011, Báńkì Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé ọdọọdún rẹ̀ pé ogun abẹ́lé ń gbà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀ ohun tó tó ìdàgbàsókè ọdún 30. Àwọn onímọ̀ ṣírò èyí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fi iye kòkó 1939 ṣe òṣùwọ̀n ohun tí a pàdánù láàárín 1820 sí 1893 lè dé ibi kan náà.

Igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Ní 1944 wọ́n rí àrùn kan lára kòkó ní agbègbè Ìbàdàn: ẹ̀ka á wú, ewé á máa yí àwọ̀ padà, èso á kéré, igi á sì kú láàárín ọdún mélòó kan. Kòkòrò kékeré funfun ló ń gbé e láti igi kan dé èkejì, kò sì sí oògùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìjọba mọ̀ ni kí wọ́n gé igi tó ní àrùn àti àwọn tó yí i ká. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ tó dúró sí oko rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi àáké bẹ́ igi tó ṣì ń so. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn dá Ẹgbẹ́ Máyégún sílẹ̀, wọ́n lọ́wọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ kan igi àwọn. Lójú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ìjọba ló jàre. Ó ṣe, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò gbé owó ọdún márùn-ún wá pẹ̀lú àáké. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi ibi tí àrùn ti gbilẹ̀ jù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Owó kòkó ló kọ́ ìhà Ìwọ̀ Oòrùn tí a mọ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Láti 1947, ìjọba nìkan ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nípasẹ̀ àwọn alágbàtà tó fún ní ìwé àṣẹ, iye tó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí èyí tó ń gbà lọ́jà àgbáyé, èlé tó wà láàárín sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló san ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 àti tẹlifíṣọ̀n 1959, òun náà ló gbé Cocoa House dìde ní 1965. Ọmọ àgbẹ̀ lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n àpótí owó kan ṣoṣo tí àwọn olóṣèlú lè kówọ́ bọ̀ jẹ́ ìdẹwò ńlá. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker ní 1962 fi hàn bí owó náà ṣe ń gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Kò yà mí lẹ́nu pé ìjà òṣèlú tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn náà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá 1965, Wẹ́tíẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń da bẹntiróòlù sára èèyàn àti ilé, wọ́n ń ṣáná sí i. Ní àárín oṣù kìn-ín-ní 1966, àwọn sójà gba ìjọba.

Àgbẹ̀ kò tíì sọ tirẹ̀ nígbà yẹn. Ó sọ ọ́ ní 1968. Owó kòkó ti lọ sílẹ̀, owó orí ti gòkè, àwọn àkódà ń wọlé mú àgbẹ̀ bí ẹni mú olè, ọ̀nà oko kò sì ṣeé gbà. Ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà, tí Tàfá Adéoyè wà lára olórí rẹ̀, ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, làwọn máa san. Ẹ̀mí ṣòfò lápá méjèèjì. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1969. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba sì mú owó orí wálẹ̀ sí pọ́ún méjì. Nínú gbogbo rògbòdìyàn tí mo mẹ́nu bà, èyí nìkan ni mo mọ̀ tí àwọn tó jà mọ iye gan-an tí wọ́n ń bèèrè, tí wọ́n sì padà sóko nígbà tí wọ́n rí èyí tó sún mọ́ ọn gbà.

Ogun tó jìnnà jù sì lè padà wá bá igi. Àwọn tó sá fún ìparun Ọ̀yọ́-Ilé ló tẹ Mọdákẹ́kẹ́ dó sí ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀ láàárín ọdún 1840 sí 1850. Kòkó dé, ilẹ̀ di wúrà, ìṣákọ́lẹ̀ tó ti jẹ́ ìkíni lásán tẹ́lẹ̀ di owó gidi, ẹni tó gbin igi sì ń bi ara rẹ̀ pé ta ló ni ilẹ̀ tí ó gbìn ín sí. Wọ́n jà ní 1981. Nígbà tí wọ́n gbé ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kalẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣí olú ilé rẹ̀ kiri láàárín ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, wọ́n tún jà láti 1997 wọ ọdún 2000. Kòkó tó wà láàárín ìlú méjèèjì pọ́n, ó gbẹ mọ́ igi, kò sẹ́ni tó lè lọ ká a.

Epo rọ̀bì ló ṣe ìyókù. Ní ọdún 1970 sí 1971, kòkó Nàìjíríà tó nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1980, ó ti sún mọ́ 100,000. Ọ̀daràn kọ́ ló fa gbogbo ìyẹn: owó àgbẹ̀ kò tó nǹkan, igi ti darúgbó, ọmọ àgbẹ̀ ti lọ wá iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 fi sílẹ̀ wọ ìgboro. Ìjọba ṣòfin pé ikú ni èrè adigunjalè; ní 1971 wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní Bar Beach lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ìdigunjalè kò dá. Ohun tó dé ni ọgbà gíga, irin ojú fèrèsé àti mẹ́gáàdì. Ẹ lọ wo ilé tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn kí 1960 tó pé, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí títì, kí ẹ wá wo ti 1980. Bíríkì tó wà nínú ọgbà nìkan ì bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì.

Omi wá. Ògùnpa jẹ́ odò tó ń gba àárín Ìbàdàn kọjá, ó sì ti ń kún láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ya wọlé ní 1960, ní 1963, ní 1978. Ní 31 oṣù kẹjọ 1980, òjò tó rọ̀ tó mìlímítà 274. Odò kò rí ọ̀nà rẹ̀ mọ́, nítorí ilé àti pàǹtí ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 200. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù, gbólóhùn yẹn di ti gbogbo ìlú. Apá kejì gbólóhùn náà ni kí oníròyìn ọrọ̀ ajé tẹ́tí sí. Ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá odò, awìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀: ìpáálí mílíìkì, báńdù aṣọ, àpò símẹ́ǹtì. Omi gbé ọjà lọ, kò gbé gbèsè lọ. Ẹni tó rà á láwìn jẹ alágbàtà, alágbàtà jẹ ilé iṣẹ́, kò sí ìwé adójútòfò lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni tí ì bá la ṣọ́ọ̀bù kejì yóò fi ọdún púpọ̀ san owó ọjà tó wà nísàlẹ̀ odò.

Ọdún 31 lẹ́yìn náà, ní 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò tó kéré sí ti 1980 rọ̀, mìlímítà 187 àti ààbọ̀. Ó tún pa èèyàn tó lé ní 100, ó wó afárá, ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ibùdó ẹja rẹ̀ jẹ́. Omi kò pọ̀ tó ti àtẹ̀yìnwá. Ilé tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti tún ojú omi àti afárá Ìbàdàn ṣe. Mo yin iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, orí àtúnṣe ohun tí a ti ní tẹ́lẹ̀ la sì ná an sí, nígbà tí àwọn tí kò sí ní ẹ̀bá odò ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́. Kí ẹ tó ní kí àwọn aláìní kúrò létí odò, ẹ rántí pé ẹ̀bá odò ni ilẹ̀ ti pọ́ọ́kú.

Ní oṣù kẹsàn-án 2015, wọ́n jí Olóyè Olú Fálaè, tó ti jẹ́ akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ àti mínísítà fún ètò ìnáwó, gbé lóko rẹ̀ ní Ìládò, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọjọ́ mélòó kan ló lò lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni tó ti jókòó sí ibi gíga bẹ́ẹ̀ kò lè dáko láìsí ẹ̀rù, àgbẹ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ mọ ibi tí òun wà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ń gbóná sí i: wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2020, Gómìnà Akérédolú ní kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba Oǹdó ní oṣù kìn-ín-ní 2021, àwọn agbébọn kọlu ìlú Ìgàngán ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn agbébọn sì pa àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní 5 oṣù kẹfà 2022.

Ó rọrùn láti di gbogbo rẹ̀ ru àwọn darandaran Fúlàní. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Adágún Chad ti gbẹ kúrò ní púpọ̀ nínú ibi tó dé ní 1960, pápá ń di yanrìn lókè, àwọn olè màlúù ní Zamfara àti agbègbè rẹ̀ ti kó ẹran lọ́wọ́ darandaran kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá síhìn-ín. Ẹni tí ìyà lé kúrò nílé ń bá àgbẹ̀ du ilẹ̀, ọ̀daràn tó wà láàárín wọn ń fi igbó kan náà ṣe ọjà. Ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ àwọn méjèèjì, ìjọba tó bá dà wọ́n pọ̀ kò ní rí èyíkéyìí yanjú.

Àgbẹ̀ kò sì lè dúró de ìyanjú. Ní ọ̀pọ̀ ìletò Òkè-Ògùn àti Oǹdó, wọ́n ti fi oko tó jìnnà sílẹ̀ fún ti ẹ̀bá títì. Owó ìtúsílẹ̀ kì í ti inú èrè wá. Ilẹ̀ tàbí ọ̀kadà ni wọ́n ń tà. Báńkì tó ń yá àgbẹ̀ lówó fún oṣù 12 kò lè bá igi ọdún mẹ́rin dòwò pọ̀, òun náà ti di àgbẹ̀ oko etílé. Fún ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́, ó sàn kó ra ilẹ̀ nítòsí Èkó, kó mọ ògiri yí i ká, kó sì máa wò ó bó ṣe ń wọ́n sí i láìgbin nǹkan kan.

Ní 2024, lẹ́yìn tí òjò àti àrùn ti ba kòkó Ghana àti Ivory Coast jẹ́, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn tí bàbá wọn gbin igi sílẹ̀ kọ́lé, wọ́n ra mọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn olè pẹ̀lú gbọ́ iye tí kòkó ń lọ nígbà náà. Wọ́n ń wọ oko lóru pẹ̀lú gọ̀ àti àpò. Àwọn tí kò lágbára láti gba ọlọ́dẹ wá ọgbọ́n mìíràn dá: wọ́n ń ká kòkó kó tó pọ́n. Kòkó tí kò pọ́n kì í kan dáadáa lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, èso rẹ̀ ń fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n, alágbàtà á sì yọ tirẹ̀ lórí ẹ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì ń ká a.